Noguchi, Dókítà Ará Japan tí Ibà Pọ́njú Pa ní Accra

 Àwọn àgbà ọmọ Yorùbá tó wà níbí ní Jos ní 1969 kò lè gbàgbé ibà pọ́njú tó jà lórí òkè yìí lọ́dún náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àárín wa náà mọ ohun tí ojú rí nílé ní 1987. Ohun tó mú wa dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wa tó ń lọ sí Mẹ́kà, tàbí tó ń ṣòwò lọ sí Gánà, ṣì ń sanwó gba yẹ́lò káàdì láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn wọ́n lára. Kí wọ́n tó tún ṣe bẹ́ẹ̀, a fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtàn Dókítà Hideyo Noguchi.

Ọdún 1876 ni wọ́n bí i ní Inawashiro, ní ilẹ̀ Japan. Òtòṣì ni àwọn òbí rẹ̀. Ọtí ni bàbá fẹ́ràn. Ìyá, Shika, ló ń roko, tó tún ń ru ẹrù fún ẹlẹ́rù, kí ọmọ lè rí jẹ. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì tó fi ṣubú sínú iná ààrò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ jóná, àwọn ìka sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọlọ́wọ́ báyìí kò lè di ọkọ́ mú, nítorí náà ìyá rẹ̀ pinnu pé ìwé ni yóò kà. Ní iléèwé, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dá owó jọ fún un, dókítà kan sì fi ọ̀bẹ ya àwọn ìka náà sọ́tọ̀ ní 1892. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ráhùn bí ẹgbẹ́ bá ní kí a dáwó fún ọmọ ẹlòmíràn, ṣé ẹ ń gbọ́?) Ọ̀dọ̀ dókítà yẹn gan-an ló ti lọ kọ́ṣẹ́. Ní 1897, òun náà ti yege ìdánwò dókítà.

Ó dé Amẹ́ríkà ní 1900. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí oró ejò, kó tó bọ́ sí ilé ìwádìí Rockefeller ní New York. Ní 1913 ó rí kòkòrò rẹ́kórẹ́kó nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn náà sọ di wèrè, òkìkí rẹ̀ sì kàn yíká ayé. A kò ní fi pamọ́ pé àpà ni, owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sùn bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ìwé kíkọ lágbà kó lè kọ lẹ́tà sí i pé kó wálé, ó sì lọ wò ó ní 1915.

Ní 1918 wọ́n rán an lọ sí Guayaquil, ní Ecuador, níbi tí ibà pọ́njú ti ń pa èèyàn. Àwọn dókítà ti mọ̀ láti Kúbà, ní 1900, pé ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ẹ̀fọn ń gbé gan-an. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Noguchi kéde pé òun ti rí kòkòrò náà. Ó ṣe abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì gún un fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀. Ìkánjú nìyí, lójú tiwa. Àrùn mìíràn wà tí ìtọ̀ eku ń fà, tó máa ń sọ ojú di pípọ́n bákan náà; kòkòrò tirẹ̀ ni Noguchi rí. Àwọn dókítà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í takò ó, àmọ́ kò gbà.

Yaba, ní Èkó, ni ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Àwọn dókítà tí Rockefeller rán wá wà níbẹ̀ láti 1925. Ní oṣù Kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, tí ibà náà mú ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ wa kì í ṣàìsàn bí ibà yìí bá wọ̀ wọ́n lára, nítorí náà ọ̀bọ Íńdíà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí lára. Asibi yè, ọ̀bọ kú. Ẹ̀fọn tó bá jẹ ọ̀bọ aláìsàn a sì kó o ran òmíràn. Wọ́n wá kòkòrò Noguchi títí, wọn kò rí i. Fáírọ́ọ̀sì ni ohun tó ń pani, ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ ìgbà yẹn lè fi hàn lọ. Dókítà Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó o lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, kí ìwádìí má baà dúró. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1927.

Noguchi ì bá jókòó sí New York kó máa bá wọn jiyàn. Kò jókòó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ó sọ̀ kalẹ̀ ní Accra, ó sì ń fi òru ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀bọ pẹ̀lú Dókítà Young, ọmọ Bìrìtìkó. Òun náà kò rí kòkòrò ti Ecuador níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1928 ó lọ kí àwọn ará Yaba ní Èkó. Bó ṣe padà dé Accra ni ibà pọ́njú dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù náà ló kú, ẹni ọdún 51. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Young náà tẹ̀lé e.

Fáírọ́ọ̀sì tó wá láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ní New York ní 1937; ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951. Òun náà ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kọ sínú yẹ́lò káàdì. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ilé ìwádìí ńlá kan ń jẹ́ orúkọ Noguchi ní Legon láti 1979, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó bébà Japan tí wọ́n ń gbé jáde láti 2004 títí di 2024. Ti Asibi kò sí lórí owó kankan, ṣùgbọ́n títí di òní, Asibi ni àwọn onímọ̀ ń pe fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára rẹ̀.