Ibn Battuta àti Oúnjẹ Àlejò ní Ilẹ̀ Mali

Nínú àwọn onímímọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n rin ayé já, Abu Abdullah Muhammad bin Battuta ni òkìkí rẹ̀ gbilẹ̀ jù lọ. Ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mọ̀rókò ni a ti bí i ní oṣù Rajab ọdún 703 lẹ́yìn Hijira, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 1304, sínú ìdílé àwọn adájọ́ tí ń tẹ̀lé ìlànà Imaamu Maliki. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí ó dágbére fún àwọn òbí rẹ̀ ní 1325, tí ó sì mú ọ̀nà Mẹ́kà pọ̀n láti lọ ṣe iṣẹ́ Hájì. Kò padà sí Mọ̀rókò títí di 1349.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilẹ̀ tí ó dé tí kò sọ nǹkan nípa oúnjẹ ibẹ̀. Ní Mogadishu ní 1331, wọ́n gbé ìrẹsì tí a fi ọ̀rá wàrà sè fún un, pẹ̀lú ọbẹ̀ adìyẹ, ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́, wọ́n sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí a sè nínú wàrà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní erékùṣù Maldives, níbi tí ó ti ṣe adájọ́, ẹja àti àgbọn ni oúnjẹ wọn. Ṣáájú èyí, Sultan Muhammad bin Tughluq ti fi í jẹ adájọ́ ní Delhi, ó sì ti fún un ní owó àti ẹ̀wù olówó iyebíye. Ní èrò tèmi, ààfin yìí ni ó kọ́ ọ láti máa fi wúrà díwọ̀n iyì tí ọba bá fún àlejò.

Ní oṣù Muharram ọdún 753 (1352), ó bá àwọn oníṣòwò gbéra láti Sijilmasa, wọ́n sì wọ aṣálẹ̀ Sàhárà. Lẹ́yìn ọjọ́ 25, wọ́n dé Taghaza, abúlé tí a fi òkúta iyọ̀ kọ́ ilé àti mọ́sálásí rẹ̀, tí a sì fi awọ ràkúnmí bo orí wọn. Àwọn ẹrú tí ń wa iyọ̀ níbẹ̀ a máa jẹ dàbínù, ẹran ràkúnmí, àti jéró tí a kó wá láti gúúsù.

Walata ni ìlú àkọ́kọ́ lábẹ́ àṣẹ Mali. Alábòójútó ìlú náà ránṣẹ́ pe àwọn èrò ọkọ̀ ràkúnmí náà kí òun ṣe wọ́n lálejò. Ibn Battuta kọ̀ láti lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi dandan mú un. Jéró gígún tí a pò mọ́ oyin díẹ̀ àti wàrà nínú ààbọ̀ igbá ni a gbé síwájú wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n sì jáde. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá nítorí èyí ni a ṣe pè wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kò sí àlejò ṣíṣe tí ó ga ju èyí lọ lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé kò sí oore kan láti retí lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú yìí, ó sì fẹ́ bá àwọn tí ń lọ sí Hájì padà. Ìfẹ́ láti rí olú-ìlú ọba ni ó dá a dúró. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mu fùrá ní ìhà àríwá Nàìjíríà yóò mọ irú ohun tí ó wà nínú igbá yẹn.

Ààbò ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ni ó bá rìn. Ó rí àwọn igi oṣè ńláńlá, ó sì bá ahunṣọ kan tí ó gbé òfì rẹ̀ sínú ihò ọ̀kan nínú wọn. Arìnrìn-àjò kò ru oúnjẹ. Iyọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ àti nǹkan olóòórùn dídùn ni ó ń mú lọ. Bí ó bá dé abúlé, àwọn obìnrin a gbé jéró, wàrà, adìyẹ, ìrẹsì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà àti fonio, tí àwọn Haúsá ń pè ní acha, wá fún un láti rà. Ó tún ṣàpèjúwe èso kan tí ó pè ní gharti, tí wọ́n ń fún òróró lára kóró rẹ̀ láti fi dín nǹkan, láti fi tan àtùpà àti láti fi para. Òrí ni, láìsí àníàní.

Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n dé olú-ìlú, wọ́n jẹ òkèlè kan tí a fi ohun tí ó jọ kókò rò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ qafi, oúnjẹ tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ju gbogbo yòókù lọ. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n. Gbogbo wọn ni ó ṣàìsàn, ọ̀kan sì kú. Ibn Battuta fúnra rẹ̀ dákú lórí ìrun Àsùbáà. Ará Mísírà kan po egbòogi mọ́ ṣúgà fún un mu, ó sì bì, ṣùgbọ́n oṣù méjì ni àìsàn náà fi dá a gúnlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ fún un pé ẹ̀bùn Mansa Sulayman ń bọ̀. Ó dìde, ó ń retí ẹ̀wù àti owó. Búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran màlúù tí a fi òrí dín, àti wàrà kíkan nínú akèrègbè ni ó rí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ní oṣù Ramadan, ó dìde níwájú ọba, ó ní òun ti rin ilẹ̀ ayé, òun ti bá àwọn ọba wọn pàdé, òun sì ti lo oṣù mẹ́rin ní ilẹ̀ yìí láìgba ẹ̀bùn. Kí ni òun yóò wá sọ nípa rẹ̀ fún àwọn ọba yòókù? Ọba ní òun kò mọ̀ ọ́n. Adájọ́ ìlú ni ó dìde, tí ó rán ọba létí pé àlejò yìí ti wá kí i, àti pé òun náà ti fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i.

Gbólóhùn adájọ́ yìí ni ó yẹ kí olùkà dúró lé lórí. Mùsùlùmí ni òun náà, ó mọ ẹ̀tọ́ àlejò, lójú rẹ̀ oúnjẹ náà sì ti tó ẹ̀bùn. A sì mọ̀ pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kì í bú oúnjẹ: bí ó bá wù ú, yóò jẹ ẹ́, bí kò bá wù ú, yóò fi í sílẹ̀. Ibn Battuta mọ èyí ju èmi lọ. Síbẹ̀, ahun ni ó pe ọba náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba fún un ní ilé àti owó ìjẹun lẹ́yìn ẹjọ́ rẹ̀, àti 100 mithqal wúrà nígbà tí ó ń lọ. Ó sì yin àwọn ará Mali fún ìdájọ́ òdodo, ìtara lórí ìrun, àti bí wọ́n ṣe ń fi dandan kọ́ ọmọ wọn ní Alùkùránì sórí.

Ní Gao, ó rí ìrẹsì, wàrà, adìyẹ àti ẹja lọ́pọ̀ yanturu. Takedda ni àṣẹ Sultan Abu Inan ti bá a ní 1353 pé kí ó padà sí Fez. Ibẹ̀ ni ó ti ro ìrìn-àjò rẹ̀ fún Ibn Juzayy, tí ìwé náà fi parí ní 1355. Kò yọ igbá Walata kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ẹ̀rín rẹ̀ pamọ́. Iṣẹ́ adájọ́ ni ó padà sí ní Mọ̀rókò títí tí ó fi kú.