Dókítà Cicely Williams àti Àìsàn Ọmọ Tí A Já Lẹ́nu Ọmú

Kò sí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò tíì gbọ́ orúkọ àìsàn tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor. Àwọn àgbà inú wa rántí àwòrán àwọn ọmọ tó ní in nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970. Ọ̀pọ̀ wa rò pé èdè òyìnbó ni orúkọ náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè Gã ni, ti àwọn ará Accra, obìnrin dókítà kan ló sì gbà á lẹ́nu àwọn obìnrin ibẹ̀.

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Cicely Williams ní Jàmáíkà. Ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Oxford, ṣùgbọ́n àyè kò pọ̀ fún obìnrin nígbà náà. Ogun Àgbáyé Kìíní ló jẹ́ kí àyè ṣí, nítorí àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun. Ó di dókítà ní 1923. Ní 1929 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní.

Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, Princess Marie Louise, ní Accra, ó ń rí àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó. Wọn a máa ké ṣáá, wọn kì í sì í fẹ́ jẹun. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kú. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí sílẹ̀, ó sì ń yẹ òkú àwọn tó kú wò láti mọ ohun tó pa wọ́n.

Èyí tó wú wa lórí jù ni pé ó bi àwọn obìnrin léèrè. Wọ́n ní àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá gba ipò rẹ̀ ni. Orúkọ yẹn ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, oúnjẹ àgbàdo nìkan ló sì kù fún un. (Àwa tí a wà ní Aráròmí-Obu níhìn-ín náà mọ ògì dáadáa. Ògì kò burú, ṣùgbọ́n ògì lásán, tí kò sí ẹ̀wà, ẹja, edé tàbí ẹyin nínú oúnjẹ ọmọ, kò lè gbé e dúró.)

Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1933, ó sì tún kọ òmíràn sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1935. Gbajúmọ̀ dókítà kan ní Ìlú Òyìnbó, Hugh Stannus, ní irọ́ ni, pé pellagra lásán ni. Cicely kò yẹsẹ̀. Nígbẹ̀yìn, orúkọ tó gbà lẹ́nu àwọn ìyá ni gbogbo ayé ń lò.

Ní 1936 wọ́n gbé e lọ sí Malaya. Níbẹ̀ àwọn tó ń ta mílíìkì alágolo a máa wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún obìnrin, kí wọ́n lè tan àwọn ìyá ọmọ tuntun láti pa ọmú tì. Ní 1939 ó dìde níwájú àwọn ọlọ́lá ìlú Singapore, ó sì pe ìwà náà ní ìpànìyàn. Kò kórìíra mílíìkì o. Ó ti fún àwọn ọmọ Accra tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú. Gbígbà á fi rọ́pò ọmú ìyá ló bá jà.

Àwọn ará Japan gba Singapore ní 1942, wọ́n sì há a mọ́ ẹ̀wọ̀n títí di 1945. Ebi pa á, àìsàn ṣe é. Ogún ọmọ ni wọ́n bí ní àgọ́ náà, wọ́n fún gbogbo wọn lọ́mú, kò sì sí ọ̀kan tó kú.

Ní 1948 ó di ẹni àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Lẹ́yìn náà, ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tó ń kọ ìwọ̀n wọn sínú káàdì lóṣooṣù. Èyí ń jẹ́ kí ìyá rí i pé ọmọ ń rù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ la ń mú lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Oxford ni Cicely Williams kú sí ní 1992, ní ẹni ọdún 98. Ilé ìwòsàn Princess Marie Louise ṣì ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Accra.