Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́

Ládípọ̀ Ṣóláńkẹ́ (nǹkan bí ọdún 1886 – ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1958) jẹ́ agbẹjọ́rò àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Ẹ̀gbá láti Abẹ́òkúta, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Òun ni ó ṣíwájú nínú ìdásílẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà àti alábòójútó ilé ìgbé rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ọládípọ̀ Felix Ṣóláńkẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó pa Felix tì. Ó kàwé ní St Andrew's College ní ìlú Ọ̀yọ́, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì tún lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ní ọdún 1922 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní University College, Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1926. Owó kò tó o, nítorí náà ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá láti fi gbọ́ bùkátà. Ní ọdún 1924 ó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdásílẹ̀ WASU

Ní àkókò yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ kò pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ onílé kì í gbà wọ́n sílé nítorí àwọ̀ wọn, àwọn ìwé ìròyìn kan sì ń tàbùkù ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1924 Ṣóláńkẹ́ kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa láti tako irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, òun àti Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà, dá Nigerian Progress Union sílẹ̀. Ṣóláńkẹ́ fi orúkọ oyè Ìyálóde dá obìnrin náà lọ́lá.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ Sàró, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti onírúurú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ, wọ́n sì dá WASU sílẹ̀. Ní etí Yorùbá, orúkọ náà dún bí wàásù. Ní ọdún 1926 ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àtìgbàdégbà tí ó ń jẹ́ Wasu.

Ilé ìgbé

Ṣóláńkẹ́ gbà pé ìṣọ̀kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fìdí múlẹ̀ bí wọn kò bá ní orí ilé tiwọn. Ní ọdún 1928 Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan fún ẹgbẹ́ náà ní West Kensington, ṣùgbọ́n ilé náà kò wà lọ́wọ́ wọn pẹ́. Láti ọdún 1929 sí 1932, Ṣóláńkẹ́ rin ìrìn àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti tọrọ owó ilé. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka WASU ti pọ̀ sí i. Ibẹ̀ náà ni ó sì ti fẹ́ Opẹ́olú Ọbísànyà. Ní ọdún 1933 wọ́n ṣí ilé ìgbé ní Camden Road. Opẹ́olú ni ìyá ilé. Níbẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń rí yàrá, oúnjẹ ilẹ̀ wọn àti ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀.

Aáwọ̀

Ìṣọ̀kan náà kò ṣàì ní ìdánwò. Ní ọdún 1934 ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń rí sí àwọn ilẹ̀ amúnisìn ṣe àtìlẹ́yìn fún ilé ìgbé mìíràn, Aggrey House. WASU tako o, nítorí wọ́n rí i bí ọgbọ́n láti máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dá ìyapa sílẹ̀, ó sì bí àwọn kan láàárín àwọn ọmọ Gold Coast, tí ó di Gánà, nínú sí ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ó ṣe, WASU gba ìrànlọ́wọ́ owó láti ọwọ́ ìjọba kan náà, ó sì kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní Camden Square ní ọdún 1938. Owó yìí mú kí ilé náà dúró, ṣùgbọ́n ó fún àwọn alátakò Ṣóláńkẹ́ ní ohun tí wọn yóò sọ.

Ìjà fún òmìnira àti ìgbẹ̀yìn ayé

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, WASU di ohùn tí àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ́tí sí. Ní ọdún 1941 Clement Attlee sọ fún wọn pé ìlérí inú Àdéhùn Àtìláńtíìkì kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Ní ọdún 1942 ẹgbẹ́ náà béèrè ìjọba-ara-ẹni. Ṣóláńkẹ́ tún lọ tọrọ owó ní Áfíríkà láti ọdún 1944 sí 1948. Nígbà tí ó padà dé, agbára ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí èrò wọn le ju tirẹ̀ lọ, òun àti ẹgbẹ́ náà sì pínyà. Síbẹ̀, ó tún dá ilé ìgbé tirẹ̀ ṣe.

Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún méjì kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Kwame Nkrumah, tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ WASU nígbà kan, wà lára àwọn tí wọ́n gba inú ẹgbẹ́ náà kọjá kí wọ́n tó di aṣáájú orílẹ̀-èdè wọn.