Charles Lwanga àti Àwọn Ọmọ Ààfin Buganda

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Charles Lwanga, pàápàá nígbà tí ọjọ́ 3 oṣù Júùnù bá yí po. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè ohun tí ọkùnrin náà ṣe, ohun tí ọ̀pọ̀ wa yóò sọ ni pé wọ́n dáná sun ún nítorí Kristi. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí ó ṣe kí ọjọ́ iná náà tó dé ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa yìí, nítorí pé àárín àwọn ọ̀dọ́langba ni ó ti ṣe é, àwọn tí ẹlòmíràn nínú wọn kò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni a bí Lwanga ní Buddu, lábẹ́ ìjọba Buganda, ilẹ̀ tí ó wà nínú orílẹ̀-èdè Uganda lónìí. Ìran kéékèèké kọ́ ni ó ti wá sí ààfin, nítorí ìjòyè kan ní ìgbèríko ni ó kọ́kọ́ sìn. Ọmọkùnrin tí ó sígbọnlẹ̀ ni, tí ó lágbára, tí ó sì mọ ìjàkadì jà dáadáa. Ní ọdún 1884, nígbà tí Kabaka Mutesa wàjà tí ọmọ rẹ̀ Mwanga gorí oyè, ni Lwanga di ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ààfin.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ààfin Ọ̀yọ́ ti rí láyé àtijọ́, tí àwọn ìlàrí àti ẹmẹ̀wà yí ọba ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Kabaka. Àwọn ìjòyè a máa fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí ààfin láti kékeré, kí wọ́n máa jẹ́ iṣẹ́ ọba, kí wọ́n sì máa kọ́ ìwà àgbà. Ọmọ tí ọba bá fẹ́ràn lónìí lè di ìjòyè lọ́la, kí ó gba ilẹ̀, kí ó sì sọ gbogbo ìdílé rẹ̀ di ẹni ńlá. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti kó owó lé ọjà, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọjà náà. Báyìí ni àwọn bàbá ṣe ń wo àwọn ọmọ wọn ní Mengo.

Àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. dé Buganda ní ọdún 1877, àwọn fádà Faransé sì tẹ̀lé wọn ní 1879. Àwọn méjèèjì kò rẹ́ rárá. Níwájú Mutesa gan-an ni wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ààfin ní tiwọn fẹ́ mọ̀wé. Alexander Mackay ti C.M.S. ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, ó ń tẹ álífábẹ́ẹ̀tì àti àdúrà ní èdè Luganda, àwọn ọmọ sì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ àti sọ́dọ̀ àwọn fádà láti kàwé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ náà ní abasomi, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn tí ń kàwé.

Nígbà tí ó di oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1882, àwọn fádà kó ẹrù wọn, wọ́n fi ìlú sílẹ̀, wọn kò sì padà títí di oṣù Júláì 1885. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta tí àwọn ọmọ ìjọ wọn kò fi ní fádà kankan. Ẹni tí ó bá mọ bí ìjọ ti rí yóò rò pé gbogbo rẹ̀ yóò tú ká. Kò tú ká o; ńṣe ni iye wọn ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó mọ díẹ̀ ń kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ní ààfin, Joseph Mukasa, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn ìránṣẹ́ inú ilé ọba, ni ó ṣe aṣáájú wọn, abẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Lwanga ti kẹ́kọ̀ọ́.

Mwanga fúnra rẹ̀ kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 16 lọ nígbà tí ó jọba. Ẹ̀rù àwọn òyìnbó ń bà á, nítorí ó ń gbọ́ pé wọ́n ń gba ilẹ̀ ní etí òkun. Ní ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì 1885, wọ́n pa ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ti ìjọ C.M.S.: Makko Kakumba, Yusufu Lugalama àti Nuuwa Serwanga. Ní oṣù Òkùtóbà ọdún náà, wọ́n pa Bíṣọ́ọ̀bù Hannington lójú ọ̀nà nípa àṣẹ Kabaka. Joseph Mukasa kò lè dákẹ́. Ó sọ fún ọba pé ohun tí ó ṣe kò dára. Ní ọjọ́ 15 oṣù Nòfẹ́ńbà, wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Charles Lwanga àti àwọn kan nínú àwọn ọmọ ààfin lọ bá àwọn fádà pé kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àwọn. Ẹ rò ó wò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀gá wọn nítorí ẹ̀sìn náà. Lójú tèmi, ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀ ìbá ti gba ọ̀nà mìíràn sá lọ.

Lwanga ni ó wá gba ipò Mukasa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn ọmọ náà. Òun ni alábòójútó àwọn ìránṣẹ́ gbọ̀ngàn ńlá ọba, nítorí náà ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọn. Ìdí mìíràn sì wà tí kò fi gbọdọ̀ kúrò. Mwanga ń fẹ́ fi àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí ṣe ohun ìtìjú tí kò yẹ kí a máa dárúkọ nínú ìwé ìjọsìn. Ẹni tí ó dàgbà ti mọ ohun tí mo ń sọ. Lwanga a máa wá iṣẹ́ tí yóò rán ọmọ tí ọba bá ń pè, kí wọ́n má baà rí i, àwọn ọmọ náà sì ti kọ́ láti sọ pé rárá. Ẹni tí kò bá mọ agbára Kabaka kò lè mọ bí rárá náà ti wúwo tó.

Ẹ̀kọ́ wọn kò ní ariwo. Lálẹ́, tàbí nígbà tí ọba bá jáde, wọn a pé jọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti mọ àdúrà kan yóò kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí bàbá wọn kórìíra ẹ̀sìn náà. Òfin àwọn fádà sì le: ọdún mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kí ènìyàn fi kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó rìbọmi. Kizito, tí ó kéré jù nínú wọn, bẹ̀ títí, wọ́n sì ń sọ fún un pé kí ó ní sùúrù.

Ní oṣù Fẹ́búárì 1886 iná jó ààfin Mengo, ọba sì kó lọ sí Munyonyo létí adágún omi ńlá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Méè, Mwanga lọ dọdẹ erinmi. Nígbà tí ó dé, kò bá ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ó béèrè Mwafu, ọmọ Katikkiro, olórí àwọn ìjòyè, nítorí ọmọ yìí wà lára àwọn tí ó fẹ́ràn jù. Kò pẹ́ tí Mwafu fi dé pẹ̀lú Denis Ssebuggwawo, ọmọ nǹkan bí ọdún 16. Ọba bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Denis kò purọ́. Ó ní òun ń kọ́ Mwafu ní ẹ̀sìn ni. Ìbínú ru bo Kabaka, ó gba ọ̀kọ̀, ó fi gún Denis, ó sì fi í lé àwọn tẹ̀tú lọ́wọ́ láti parí rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ yìí dá kò ju pé ó sọ ohun tí ó gbàgbọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ààfin pa. Ní òru náà, Lwanga mọ̀ pé kò sí àyè láti dé ọ̀dọ̀ fádà mọ́. Ó kó àwọn tí kò tíì rìbọmi jọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún wọn: Kizito, Mbaga Tuzinde, Mugagga àti Gyavira. Sùúrù ọdún mẹ́rin parí ní alẹ́ kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba pàṣẹ pé kí àwọn tí ń gbàdúrà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọmọdé ni wọ́n, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dè wọ́n nígbà náà; ẹni tí ó bá dúró síbi tí ó wà, tí ó pa ẹnu mọ́, ìbá yè. Lwanga ni ó kọ́kọ́ bọ́ síta. Àwọn ọmọ tẹ̀lé e, a sì ń sọ ọ́ títí di òní pé ó di Kizito lọ́wọ́ mú.

Wọ́n dè wọ́n, wọ́n sì mú wọn rìn lọ sí Namugongo. Àwọn kan kú lójú ọ̀nà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé níbẹ̀ títí igi ìdáná fi pé. Mbaga jẹ́ ọmọ ilé Mukajanga, olórí àwọn tẹ̀tú. Wọ́n bẹ ọmọ náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́, pé kí ó sáà sọ pé òun kò gbàdúrà mọ́. Ó kọ̀. Àánú kan ṣoṣo tí wọ́n lè ṣe fún un ni pé wọ́n lù ú pa kí wọ́n tó gbé e sórí iná.

Ọjọ́ 3 oṣù Júùnù 1886 ni, ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run Olúwa wa. Wọ́n mú Lwanga sí ọ̀tọ̀, wọ́n sì fi iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sun ún láti ẹsẹ̀. Wọ́n fi ẹní esùsú wé àwọn yòókù, ti Kátólíìkì àti ti C.M.S., wọ́n tò wọ́n sórí igi kan náà. Ìjiyàn àwọn òyìnbó níwájú Mutesa kò dé ibẹ̀. Láti 1885 títí dé oṣù Jánúárì 1887, àwọn Kátólíìkì 22 àti àwọn C.M.S. 23 ni a ka orúkọ wọn mọ́ àwọn ajẹ́rìíkú wọ̀nyí. Póòpù Paul Kẹfà sọ àwọn 22 náà di ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Òkùtóbà 1964, ó sì dárúkọ àwọn ti ìjọ kejì pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní ti Mwanga, wọ́n lé e lórí oyè ní 1888, ó padà ní 1889 nípa ìrànlọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́ kan náà tí ó ti ń lépa, àwọn òyìnbó sì kó o lọ sí erékùṣù Seychelles ní 1899. Ibẹ̀ ni ó ti rìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Danieri, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí ní 1903.

Ọmọ mẹ́ta wà tí wọ́n ti dì láti sun ní Namugongo, tí wọ́n tún tú sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ni Denis Kamyuka. Ó dàgbà, ó sì wà láàyè láti jẹ́rìí nígbà tí ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí, nítorí ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n.