Ọba tó ń kólòlò

Ọba George Kẹfà ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Òun ló jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1936 títí di 1952, nígbà tí Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ wọn. Àwọn bàbá bàbá wa mọ ojú rẹ̀, torí orí rẹ̀ ló wà lára ṣílè tí wọ́n ń ná. Ohun tí ṣílè ò lè sọ fún wọn ni pé ọba yìí ń kólòlò.

Wọ́n bí i ní 1895. Albert ni orúkọ tó ń jẹ́ kó tó jọba. Onítìjú ọmọ ni. Ọwọ́ òsì ló fẹ́ fi máa kọ̀wé, wọ́n fi tipá mú un lo ọ̀tún. Bàbá rẹ̀ le gan-an. Kó tó pé ọmọ ọdún 10, ọ̀rọ̀ ti ń há sí i lẹ́nu.

Àwọn èèyàn rò pé ìtìjú àti ẹ̀rù ló fà á. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé ìsinsìnyí ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù lè mú un le sí i, ṣùgbọ́n kíkólòlò máa ń wà nínú ẹbí. Ní Cameroon, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàìjíríà, ìdílé ńlá kan wà tí àwọn akólòlò pọ̀ nínú wọn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sọ pé ó jọ mọ́ jíìnì kan tó ń jẹ́ AP4E1, tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń bá o. Àwọn ọmọ ọba náà, Elizabeth àti Margaret, kò kólòlò. Nílé tiwa, bàbá àgbà mi ń kólòlò, bàbá mi ò kólòlò, èmi ń kólòlò. Ó fo bàbá mi! Àǹtí mi kan ní torí pé mo sín ẹnìkan jẹ ni. Mi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ o.

Ní 1925, Albert sọ̀rọ̀ ní Wembley níwájú èrò rẹpẹtẹ, ojú sì tì í. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló lọ bá Lionel Logue, ará Australia. Logue kì í ṣe dókítà, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí, ojoojúmọ́ ni Albert sì ń ṣe é. Bàbá mi fẹ́ràn òwe yẹn pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n òwe ò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ti Albert lé ní ọdún 20 kó tó rí Logue.

Ní 1936, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi oyè sílẹ̀, ló bá di dandan kí Albert jọba. Ó sunkún níwájú ìyá rẹ̀.

Ní June 1939 ó wá sí New York níbí, ó lọ wo World's Fair ní Queens, kò jìnnà sí wa ní Tremont. Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ogun Jámánì dé. Ní ọjọ́ 3, oṣù September, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò fún gbogbo ayé. Logue dúró tì í nínú yàrá. Wọ́n ti fa ìlà sínú ìwé tó ń kà, níbi tó ti máa sinmi. Ó lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì kà á tán.

Èmi náà ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sínú ewì tí mo máa kà níwájú yín ní ìparí ọdún. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dúró, ẹ má bá mi parí ọ̀rọ̀ náà.