Shafi Lawal Edu

Olóyè Shafi Lawal Edu (1911–2002), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí S. L. Edu, jẹ́ oníṣòwò ọmọ bíbí ìlú Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1980 fún ìdáàbòbò igbó àti àwọn ẹranko inú rẹ̀.

Ìdí òwò ọkọ̀ ojú omi àti epo rọ̀bì ni Edu ti di olówó, ó sì wà lára àwọn oníṣòwò tí ó lókìkí jùlọ ní Nàìjíríà nígbà ayé rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ ni pé ẹni tí epo sọ di ọlọ́rọ̀ ni ó tún gbé ọ̀rọ̀ igbó karí.

Nígbà náà, ìjọba nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìtọ́jú igbó ọba kàn. Ẹgbẹ́ tí Edu dá sílẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba. Ọrẹ àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn ènìyàn ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá dáwó kò ra igi, kò sì ra ilẹ̀. Ohun tí ó ń sanwó fún ni pé kí igbó wà bí ó ti wà.

Ọ̀rọ̀ kábọ̀nù kò tíì gbilẹ̀ ní ọdún 1980 bí ó ti rí lónìí. Síbẹ̀, igi a máa fa kábọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, a sì máa fi dàgbà. Bí a bá gé e tí a sun ún, kábọ̀nù náà yóò padà sí òfurufú, ayé yóò sì máa gbóná sí i. Ilẹ̀ àbàtà pẹ̀lú a máa tọ́jú kábọ̀nù sínú ẹrẹ̀ rẹ̀.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti Lekki Conservation Centre, tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 pẹ̀lú owó ilé-iṣẹ́ epo Chevron. Ọ̀bọ, ọ̀nì àti oríṣiríṣi ẹyẹ wà níbẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni. Ẹni tí ó bá mọ iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan ní Lekki yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilé ti yí i ká, ọ̀nà ńlá tí ó gba ẹnu ibodè rẹ̀ sì lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìlú Edu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní Bajulaiye ní Ṣómólú, níbi tí ilé ti fara kan ilé, lè lọ wò ó kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà, bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ bá gbà fún un.

A lè sọ pé epo tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wà ń tú kábọ̀nù sílẹ̀ ju èyí tí hẹ́kítà 78 lè fà padà lọ, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n láìsí owó náà, ó ṣòro láti gbà pé igbó kankan ì bá kù ní àyíká yẹn.

Edu kú ní ọdún 2002. Ẹgbẹ́ náà ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣí afárá tí ó gba òkè orí igi kọjá sílẹ̀ ní Lekki. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401.