René Dubos (1901–1982): Onímọ̀ tó Wá Oògùn Lọ sínú Ilẹ̀

Ìfáárà

Nínú oko kòkó ní Ìwàrà àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ewé tó ń wọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún kì í di òkè. Ilẹ̀ a máa jẹ ẹ́, a sì máa sọ ọ́ di ilẹ̀dú. Àwọn bakitéríà àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín mìíràn tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀ yìí ni René Dubos rò jinlẹ̀, tó fi rí ohun tí ń bọ́ ẹ̀wù lára kòkòrò òtútù àyà.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ogúnjọ́ oṣù Kejì, ọdún 1901, ni a bí Dubos ní orílẹ̀-èdè Faransé. Alápatà ni àwọn òbí rẹ̀. Abúlé àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Hénonville ni ó sì ti dàgbà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Paris, ó sì parí ní 1921. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Róòmù ni ó ka èrò Sergei Winogradsky pé inú ilẹ̀ tí kòkòrò ń gbé, láàrin àwọn tó ń bá a du oúnjẹ, ni ó yẹ kí a ti mọ ìwà rẹ̀, kì í ṣe nínú ìgò nìkan. Èrò yìí ló yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní 1924, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Inú ọkọ̀ náà ni ó ti bá Selman Waksman, onímọ̀ nípa ilẹ̀, pàdé. Ó tẹ̀ lé e lọ sí Yunifásítì Rutgers, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1927.

Ẹ̀wù Kòkòrò Òtútù Àyà

Ní ọdún 1927 kan náà, Dubos di ọmọ iṣẹ́ Oswald Avery ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York. Lásìkò náà, òtútù àyà ń pa ènìyàn púpọ̀, àwọn oníṣègùn kò sì ní oògùn tó ká a. Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé kòkòrò àrùn náà wọ ẹ̀wù kan tí a fi ọ̀pọ̀ ṣúgà so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wù yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lè gbé e mì. Bí a bá bọ́ ẹ̀wù náà, agbára kòkòrò náà parí. Ta ni yóò wá bọ́ ọ?

Dubos wòye pé bí kò bá sí ẹ̀dá tó lè jẹ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, ì bá ti kún orí ilẹ̀ ayé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kó erùpẹ̀ láti oríṣiríṣi ibi, ó sì fi ẹ̀wù náà nìkan ṣe oúnjẹ fún àwọn kòkòrò inú wọn, kí ebi lè pa èyí tí kò bá lè jẹ ẹ́. Nínú erùpẹ̀ irà kan ní New Jersey ni ó ti rí bakitéríà tó ń wá. Ó yọ ẹ́ńsáìmù rẹ̀, òun àti Avery sì kéde rẹ̀ ní 1930. Ẹ́ńsáìmù náà kò pa kòkòrò àrùn. Ó kàn tú u sí ìhòòhò ni, ara eku tó ní àrùn náà sì ṣe ìyókù.

Oògùn súlfà dé kí èyí tó di oògùn fún ènìyàn. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò já sí asán. Ní 1944, Avery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ́ńsáìmù yìí nínú ìwádìí tó fi hàn pé DNA ni ó ń gbé àbùdá.

Ayọ̀ àti Ìbànújẹ́

Ní 1939, Dubos tún rí gramicidin láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ mìíràn. Ó wúlò fún egbò, ṣùgbọ́n ó léwu bí ó bá wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní 1942, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyàwó rẹ̀, Marie Louise, láìsí oògùn kan nínú ayé tó lè gbà á. Àrùn náà gan-an ni Dubos wá dojú ìwádìí kọ lẹ́yìn náà. Ó sì tètè kìlọ̀ pé kòkòrò lè mọ́ oògùn lára tí oògùn kò fi ní ràn án mọ́. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1969 fún ìwé rẹ̀, So Human an Animal. Ó kú ní New York ní ogúnjọ́ oṣù Kejì, ọdún 1982, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 81.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun kan nínú ìwádìí 1930 kò kúrò lọ́kàn Dubos. Bakitéríà irà náà kì í ṣe ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí oúnjẹ tó rọrùn bá wà nílẹ̀, kì í ṣe é. Ìgbà tó bá ku ẹ̀wù náà nìkan ni ó ń ṣe é. Agbára wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ipò tó bá ara rẹ̀ ló pè é jáde. Dubos gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn rí: ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ni ó sùn sínú ọmọ, àyíká tí a bá fi sí ni yóò sọ èyí tí yóò jí. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní yára pe akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní olódo. Yóò kọ́kọ́ bèèrè irú ilẹ̀ tí òun gbìn ín sí.